Báàgì Méje Tó Lọ sí Cheverly

Dọ́là márùn-ún ni mo ń ta káàdì ìpè Nàìjíríà kan ní ọdún 2006, nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa tí mo ní ní District Heights, lókè òkun. Ẹ ó fi kọ́bọ̀ ha ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó tẹ nọ́ńbà tó gùn ju oríkì lọ, obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí yóò sì sọ fún yín pé ogójì ìṣẹ́jú lẹ ní. Irọ́ ló ń pa. Tó bá di ìṣẹ́jú kẹtàlá, yóò padà wá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìyá yín lẹ́nu. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé, "Ẹ má bínú sí mi o, obìnrin inú fóònù ni kí ẹ bá wí." Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì ra méjì sí i.

Káàdì yìí ló mú Káyọ̀dé wá bá mi. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan nígboro, ó sì máa ń ra káàdì méjì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láti fi pe ìyá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó dúró níwájú mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, torí pé èmi wà lórí fóònù tí mò ń gba ọjà sílẹ̀. Oníbàárà tó wà lórí ìlà yẹn kọ́kọ́ ní òun fẹ́ iṣu, ó tún ní kí n fi èlùbọ́ rọ́pò rẹ̀, ó wá béèrè bóyá ẹran ewúrẹ́ mi rọ̀. Mo ní, "Ìyáàfin, ó ti kú, kò lè le mọ́."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Káyọ̀dé ní, "Ẹ̀gbọ́n Múyìwá, ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà?"

"Ta ni yóò bá mi ṣe é? Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà ọ̀hún gan-an, mi ò dúró ṣe ìdánwò rẹ̀."

"Ẹ wá sí kíláàsì mi ní Clinton. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta, tí ẹ bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Èmi àti ta ni?"

"Ẹ̀yin àti ẹnu yín. Ẹ gbé e dání, àwọn ọmọ kíláàsì ń sùn lọ."

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ ilé ìwé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Nígbà yẹn, kò sí àdúgbò kan ní agbègbè wa tí ọmọ Nàìjíríà kan ò ti máa kọ́ àwọn yòókù ní kọ̀ǹpútà ní bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé rẹ̀. Àwa méje la wà ní ti Káyọ̀dé. Àwọn mẹ́rin nínú wa ń wẹ àwọn arúgbó òyìnbó fún owó oṣù, ọ̀kan ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ọ̀kan sì jẹ́ pásítọ̀ tí kò tí ì rí ìjọ. Gbogbo wọn fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Èmi ò fẹ́ kúrò níbì kankan, mo kàn fẹ́ kí fóònù mi sinmi ni. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà ní kọ̀rọ̀ bésímẹ́ǹtì náà. Yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì mí kanlẹ̀ lójijì bí ẹni tí wọ́n sọ ohun kan fún tí kò dùn mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó yéé wẹ̀yìn.

Nínú kíláàsì, "Tíṣà" ni mò ń pe Káyọ̀dé, mo sì ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un. Bí a bá ti gun àtẹ̀gùn jáde, ó ti di "ìwọ Káyọ̀dé" nìyẹn. Ó ní àwọn ìgbésẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ ètò orí kọ̀ǹpútà pọ̀, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́ wa ní èyí tí wọ́n ń pè ní férémùwọ́ọ̀kì, ìyẹn ilé tí wọ́n ti gbé òpó rẹ̀ ró tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé yàrá nìkan lẹ ó pín. Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ inú ètò náà, àwọn ègé tó ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíìnì ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ẹ̀wà.

Mo ní, "Tíṣà, oríṣi mẹ́ta ni mo ní nílé. Olóyin ni àbí dúdú?"

Ó dúró títí ẹ̀rín fi parí. Ó ní ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn bíìnì yìí ni kọ̀ntéínà. Mo ní kọ̀ntéínà tí mo mọ̀ ni èyí tó ń gba Baltimore wọlé, tí wọ́n máa ń sọ pé ó ti dé tí kò tí ì dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù yín ṣàpèjúwe," ló wí. "Tí Wàhábì bá fẹ́ di ẹrù, ta ló ń wá báàgì?"

Wàhábì ni awakọ̀ takisí tó ń bá mi gbé ẹrù lọ sílé oníbàárà ní gbogbo Sátidé. Mo ní, "Òun náà ni. Á wá báàgì, á wá òṣùwọ̀n, á wá bírò. Tó bá fi máa rí gbogbo rẹ̀, ọjọ́ ti lọ."

"Ó dáa. Nínú férémùwọ́ọ̀kì yìí, Wàhábì ò ní wá nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin á kọ ọ́ sínú ìwé kan pé Wàhábì nílò báàgì, ó nílò òṣùwọ̀n, ó nílò ọ̀nà tó wọ inú dátábéèsì níbi tí orúkọ àwọn oníbàárà wà. Kó tó jí, kọ̀ntéínà á ti fi gbogbo rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Yóò kàn la ojú ni, yóò bá a lọ́wọ́ ara rẹ̀."

"Ta ló pè é kó gbé e wá?"

"Kò sẹ́ni tó pè é."

"Ta ló gbé e wá?"

"Kọ̀ntéínà ni."

"Ṣé mo máa rí i bó ṣe ń gbé e wá?"

"Ẹ ò ní rí i. Ẹ ṣáà nawọ́."

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ohun tí ẹ ò pè tó bá wá bá yín, ẹ kì í na ọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí tèmi kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, orí mi wú. Mo ti fi orúkọ oníbàárà ogún sínú dátábéèsì. Mo kọ òṣìṣẹ́ kan, mo nawọ́ rẹ̀ bí Tíṣà ṣe wí, mo sì kọ ohun tó nílò sínú ìwé tí kọ̀ntéínà ń kà, ìwé àkójọ. Kò sí ibì kan nínú ohun tí mo kọ tí mo ti ní kí ẹnikẹ́ni lọ sí dátábéèsì. Mo tẹ bọ́tìnnì, orúkọ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lójú dúdú kọ̀ǹpútà náà, bí àwọn èèyàn tó ń ti inú òkùnkùn bọ̀ wá jókòó. Ẹ̀rọ inú kọ̀rọ̀ mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi kọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló máa ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá fi àmì bíńtín kan sílẹ̀ nínú ìwé àkójọ, kọ̀ǹpútà á da ìbínú rẹ̀ jáde ní ojú ewé mẹ́rin mẹ́rin. Mo máa ń kà á láti òkè títí òógùn á fi bò mí. Káyọ̀dé ló kọ́ mi pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí n ti máa bẹ̀rẹ̀, pé ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ máa ń wà, gbogbo èyí tó wà lókè, igbe ẹbí ni. Mo ti lo ọgbọ́n yìí fún ẹjọ́ tọkọtaya mẹ́ta láti ìgbà náà.

Àmọ́ òfin kan wà tí mi ò gbà. Tíṣà ní ẹyọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni kọ̀ntéínà máa ń dá fún iṣẹ́ kan, ẹyọ yẹn náà ni yóò sì máa gbé fún gbogbo ẹni tó bá nílò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi nǹkan oníbàárà kankan sínú àpò rẹ̀, kí ti ẹnì kan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lójú mi, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tajà rí nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tí kò rántí oníbàárà, kí ló wúlò fún? Mo délé, mo fi orúkọ kan sí i lápò.

Orúkọ Màmá Cheverly ni. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ní òpópónà kan tó dákẹ́ ní Cheverly. Òun ló kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iṣu kan péré ló rà, ọjà mi sì tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, tí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, mi ò ní gba owó ẹnikẹ́ni títí Màmá á fi pè, torí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ẹni tó bá tajà rí mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ rà ló ń sọ bí ọjà yóò ṣe rí. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ pé nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń gba ọjà sílẹ̀ bá jí, kí orúkọ Màmá àti ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣí ọjà. Mo sì fi kún un pé oníbàárà tí kò bá kọ ibi tó ń gbé, kó kà á sí Màmá. Nígbà tí àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà sójú ewé mi lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló ń kọ ibi tí wọ́n ń gbé, nítorí náà èyí ò pa ẹnikẹ́ni lára. Mo sọ fún Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Múyìwá, má yọ mí níbẹ̀ o."

Màmá papò dà nígbà òtútù. Mo wà níbi ìsìnkú. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ń fì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, tí ń gbé ní Texas, sọ fún mi pé bàbá òun kì í jẹun mọ́, pé tíì nìkan ló ń mu. Pásítọ̀ ní kí a máa gbàdúrà kó má baà tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú ni Ṣẹ́gun di oníbàárà mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń yá yàrá kiri ní ẹ̀gbẹ́ yunifásítì. Orí kọ̀ǹpútà ló ti máa ń sọ ohun tó fẹ́, òun fúnra rẹ̀ á sì wá gbé e lọ́sàn-án Sátidé. Gbogbo ìgbà tó bá dé, ẹrù rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Mo máa ń bú Wàhábì, mo máa ń tún un dì. "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé kọ̀ǹpútà yín ò fẹ́ràn mi," ni Ṣẹ́gun máa ń wí. Mo ní, "Kò fẹ́ràn ẹni tó ń jiyàn owó."

Ní Sátidé keje, Ṣẹ́gun ò wá rárá. Wàhábì dé láti ibi tó ti lọ pín ẹrù, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá Cheverly kí yín o."

Mo ń ka ẹyin lọ́wọ́. "Màmá wo?"

"Màmá Cheverly. Bàbá ló gba báàgì, wọ́n ní Màmá ní kí n bá àwọn kí yín, pé ẹ ṣé tí ẹ ò gbàgbé àwọn."

Mọ́sálásí ni Wàhábì ń lọ, kò sí nínú ìjọ wa, kò mọ̀ pé a sin ẹnikẹ́ni. Mo gbé ẹyin sílẹ̀. "O rí Màmá náà?"

"Mi ò rí wọn. Bàbá kàn yíjú sẹ́yìn, wọ́n ní, 'Wọ́n ti gbé e dé o,' kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn."

"Ta ló dáhùn?"

"Mi ò dúró gbọ́. Ṣé nǹkan ṣẹlẹ̀ ni?"

"Wàhábì, mo wà níbi tí wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ lé obìnrin náà."

Ó wò mí. Ó yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, ọwọ́ tó fi gbé báàgì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó tí ẹ ń san fún mi ò tó bẹ́ẹ̀." Ó jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan.

Wàhábì ló ń tẹ ìwé ọjà jáde tó sì ń di ẹrù, èmi kì í wò ó. Màmá sì máa ń san owó tirẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìparí oṣù, nítorí náà ni Wàhábì kì í fi béèrè owó níbẹ̀. Mo ṣí àpótí ìwé wò. Ìwé méje tó jẹ́ ti Màmá ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Sátidé méje, báàgì méje, orúkọ rẹ̀ lórí gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó wọn lọ sí Clinton. Sísítà Bísí, tó ń wẹ arúgbó, kọ́kọ́ gba ọ̀kan kà. Ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. "Àkúdàáyà! Ó ti lọ tẹ̀dó síbòmíì, ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sílé."

"Bísí, àkúdàáyà kì í ra gààrí Ìjẹ̀bú ní ìwọ̀n mẹ́rin." Mo ń ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ mi ṣa ìwé tó jù sílẹ̀.

Káyọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé àkójọ mi, ó fi ìka lé orí ìlà kan. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo sọ nípa àpò?"

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ṣẹ́gun kì í kọ ibi tó ń gbé, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń wá gbé ẹrù. Òṣìṣẹ́ mi ò rí ilé níbẹ̀, ó wo àpò, ó bá Màmá, ó fi ọjà ránṣẹ́ sí i. Ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Mo ti sin obìnrin náà, mi ò yọ ọ́ nínú ìwé.

Kíláàsì mí kanlẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Níwájú gbogbo wọn, mo pa ìlà náà rẹ́, mo sì kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá sọ ilé rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà béèrè. Mo wá pe Ṣẹ́gun lórí fóònù láti bẹ̀ ẹ́ fún gbogbo Sátidé méje.

"Mẹ́fà ni, Ẹ̀gbọ́n. Lọ́sẹ̀ yìí, Houston ni mo wà. Mi ò ra nǹkan kan."

Mo wo ìwé keje dáadáa. Kò sí gààrí níbẹ̀, kò sí iṣu. Ní ojú ewé mi, àpótí kan wà nísàlẹ̀ fún ohun tí mi ò bá kó sí àtẹ. Nínú àpótí yẹn nìkan ni nǹkan wà: ìgò àdí àgbọn kan, fún orúnkún. Ní gbogbo ìgbà òtútù, Màmá máa ń ra àdí àgbọn lọ́wọ́ mi láti fi ra orúnkún ọkọ rẹ̀. Mi ò kó o síta rí, abẹ́ káńtà ni mo máa ń tọ́jú rẹ̀ sí fún un.

"Tíṣà, ta ló tẹ èyí?"

Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀. "Ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Dátábéèsì kì í sọ ẹni tó tẹ nǹkan, àfi tí ẹ bá ti ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mi ò ní kó kọ ọ́."

"Ẹ ò ní kó kọ ọ́."

Mo wọ ọkọ̀, ó di Cheverly. Lójú ọ̀nà, ohun méjì ló ń bá mi jà. Tí mo bá sọ òtítọ́ fún Bàbá, bóyá yóò padà sí tíì lásán, kó sì bá ibẹ̀ lọ. Tí mi ò bá sọ ọ́, mo ń fi orúkọ òkú purọ́ fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ṣí kí n tó kàn án. Bàbá ló dúró níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti padà sípò. Òórùn àdí àgbọn ló kọ́kọ́ pàdé mi.

"Múyìwá, wọlé. Ó ní o máa wá."

Mo wọlé. Àwo méjì wà lórí tábìlì. Àwọn báàgì mi wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ká wọn dáadáa, mẹ́fà. Ìkeje wà lórí àga ìyàwó rẹ̀. Mi ò jókòó. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: bíìnì, kọ̀ntéínà, àpò, Ṣẹ́gun. Ó gbọ́ ọ láìdá mi dúró. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ràn kí wọ́n fi ààlà hàn án.

"Ìwọ lo fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Nígbà tó wà láyé? Ó sì mọ̀?"

"Ó mọ̀, sà. Ó ní kí n má yọ òun."

"O ti wá yọ ọ́ báyìí."

"Mo yọ ọ́ lónìí, sà."

Mo ń wo àwo kejì, mo sì gbìyànjú kí n má wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn tó dé ṣáájú, mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Gààrí Ìjẹ̀bú! Ọdún mọ́kànlá ló fi lé gààrí kúrò nílé yìí nítorí inú mi. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń sọ fún un pé, 'Ṣé o rí i? Ìwọ náà lo rán an.' Ẹ̀rín ni mo fi ń jẹun." Ó fi ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀. "Ṣùgbọ́n èyí tó dé lánàá, àṣìṣe wo ló mọ orúnkún mi?"

Ẹnu tí wọ́n ní kí n gbé dání lọ sí kíláàsì, ó já mi jù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá dìde, ó lọ mú ìwé sọ̀wédowó rẹ̀. Ó ní láti Sátidé tó ń bọ̀, orúkọ òun ni kí n máa kọ, kí n sì dín iṣu kù, torí ẹnu ẹnì kan ni. Ó béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ní kò jẹ mí ní owó báàgì mẹ́fà, ìwà agídí mi nínú kíláàsì ló gbé wọn wá. Ó jiyàn, mo jiyàn. Ṣùgbọ́n mo gba owó ìkeje pé, sẹ́ǹtì kan ò dín, torí pé ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ ló pàṣẹ rẹ̀, mi ò sì ta àwìn fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù ni mo pàdánù: igba dọ́là ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú ọgọ́ta sẹ́ǹtì.